Kí Ọmọ Yín Tó Yan Iṣẹ́ Ọwọ́, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ọ̀gá Tí Yóò Kọ́ Ọ

Ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí sábà máa ń gbé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Gàá-Àkàǹbí, ní ìlú Ìlọrin: iṣẹ́ ọwọ́ wo ni ó ń mówó wọlé jù lásìkò yìí? Àwọn kan ti gbọ́ pé àwọn onísólà ń rí ṣe, àwọn mìíràn ní ẹ̀gbọ́n kan ní Èkó tí ó fi iṣẹ́ táìsì, ìyẹn táìsì tí à ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, kọ́lé, wọ́n sì fẹ́ kí n sọ èyí tí ọmọ wọn yóò kọ́ kí wọ́n tó dìde lórí àga. Èmi kì í dáhùn ìbéèrè náà bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀. Iṣẹ́ tí owó wà nídìí rẹ̀ lónìí lè ti yí padà kí ọmọ tó gba fíríídọ̀mù, ṣùgbọ́n ọmọ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ dáadáa yóò lè bá iṣẹ́ náà yí. Láti ìgbà tí mo ti jáde ilé-ìwé girama ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ iná mànàmáná, ohun tí ojú mi sì ti rí níbẹ̀ ni pé ẹni tí a lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ó ń pinnu bí ìgbẹ̀yìn ọmọ yóò ti rí, ju orúkọ tí iṣẹ́ náà ń jẹ́ lọ.

Kò yẹ kí iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ohun ìtìjú ní Ìlọrin rárá. Ìlú tí àwọn obìnrin Dàda ní Òkèlele ti ń mọ ìkòkò láti ìran dé ìran ni, ìlú tí a ti ń hun aṣọ òkè ni, ìlú tí àwọn baba ńlá wa ti ń gbẹ́ òkúta pupa tí à ń pè ní lántánà di ìlẹ̀kẹ̀ ni, kí ọjà náà tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọmọ lè wà ní ilé kéwú ní òwúrọ̀ kí ó sì jókòó ti iṣẹ́ ní ọ̀sán, ẹnikẹ́ni kì í sọ pé ọ̀kan ń ba èkejì jẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi ṣe WAEC tán, ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀. Yunifásítì Ìlọrin ti wà láti ọdún 1975, Kwara Poly wà níbẹ̀, ọmọ tí kò bá sì rí àyè wọ ọ̀kan nínú méjèèjì ni wọ́n máa ń lé lọ sí ẹnu iṣẹ́, bí ẹni pé ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọwọ́ ni àkìtàn tí à ń da ohun tí ilé-ìwé bá kọ̀ sí.

Èsì tí mo ní lè gbé mi wọ Poly, ìyá mi sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an. Èmi ni mo sọ pé iṣẹ́ iná ni mo fẹ́ ṣe. Bàbá mi, tí ó ń tajà ní Ìpàtà, kò bínú, kò sì yọ̀. Ohun tí ó sọ ni pé, “Má tọ́ka iṣẹ́ sí mi. Ènìyàn ni kí o tọ́ka sí, kí n lọ wò ó.” Mo rò nígbà náà pé ó kàn fẹ́ fi ìyẹn dá mi dúró ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun nìkan ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó wúlò nínú gbogbo ìpàdé ẹbí tí wọ́n ṣe lórí mi, nítorí pé gbogbo àwọn yòókù ń jà lórí ìwé àti iṣẹ́, wọn kò sì béèrè ọwọ́ ta ni ọmọ yóò bọ́ sí.

A lọ wo àwọn ọ̀gá bíi mélòó kan. Ẹni àkọ́kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá, ọmọ iṣẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ débi pé àwọn kan ń fọ mọ́tò rẹ̀, àwọn kan ń bá ìyàwó rẹ̀ gbé omi, àwọn tí ó sì wà ní sáìtì kò ju ìwọ̀nba lọ. Bàbá mi kí i dáadáa, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ nípa ọjà àti ojú ọjọ́, lẹ́yìn náà ni ó bi í pé, “Ọ̀gá, àwọn tí wọ́n ti gba fíríídọ̀mù lọ́dọ̀ yín, ibo ni wọ́n wà báyìí? Ó wù mí kí n kí wọn.” Ọ̀gá náà ní wọ́n pọ̀, wọ́n wà káàkiri, ṣùgbọ́n kò lè mú wa dé ọ̀dọ̀ ẹyọ kan. A dúpẹ́, a sì kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó padà di ọ̀gá mi, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré, ẹnu rẹ̀ kò sì dùn tó ti ẹni ìṣáájú, ṣùgbọ́n ó júwe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan fún wa ní ìtòsí Ọ̀fà Gáráàjì, ó sì ní òmíràn ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀ ní Ọ̀mù-Àrán. Bàbá mi lọ bá ti Ọ̀fà Gáráàjì láì jẹ́ kí ọ̀gá mọ ọjọ́ tí òun ń lọ. Ó bi í bóyá ọ̀gá ń pa iṣẹ́ mọ́ fún ọmọ, bóyá ó ń lu ọmọ, bóyá ó ń fún ọmọ ní owó oúnjẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ sí sáìtì tí ó jìnnà. Mo ti ń fi ìbéèrè wọ̀nyí lé àwọn òbí mìíràn lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí wá, àní bí wọ́n bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ èmi fúnra mi.

Ìwé àdéhùn tí a kọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó sọ gbogbo ohun tí ó lè di ìjà bí a kò bá sọ ọ́: iye ọdún tí màá lò, owó ìkọ́ṣẹ́ àti ìgbà tí a óò san án, ẹni tí yóò ra irinṣẹ́, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá ṣàìsàn pẹ́, àti ẹni tí yóò san owó bí mo bá ba nǹkan oníbàárà jẹ́. Onídùúró méjì fọwọ́ sí i, Ááfà ládùúgbò wa sì ṣàdúà. Mo mọ àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ láìsí irú ìwé bẹ́ẹ̀, tí ọdún ń yí lu ọdún lórí wọn nítorí pé ọ̀gá kò sọ ìgbà tí wọn yóò ṣe tán, àwọn náà kò sì ní ohun tí wọn yóò nà sí i.

Iṣẹ́ tí mo ṣe ní ọdún àkọ́kọ́ kò ní iná nínú. Ògiri ni mo ń gbẹ́. Bí bíríkìlà bá ti mọ ilé dé ibi òrùlé, kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, oníṣẹ́ iná ni yóò wọlé láti fa ilà sára ògiri, láti gbẹ́ ojú ọ̀nà tí páìpù yóò gbà, láti de àwọn bọ́ọ̀sì tí súwíìṣì àti sókẹ́ẹ̀tì yóò jókòó sí, kí ó sì rí i pé àwọn tí ó jẹ́ irú kan náà wà ní gíga kan náà. Tí ilé náà bá jẹ́ alájà, a ti gbọ́dọ̀ tẹ́ páìpù sórí irin kí wọ́n tó da kọ́ǹkéré sí dẹ́kìn, nítorí pé lẹ́yìn tí ó bá ti gan, kò sí ẹni tí yóò tún jẹ́ kí o fọ́ ọ. Eruku ni lójú, eruku ni nímú, ọwọ́ máa ń bó, apá sì máa ń ro ènìyàn débi pé ìgbà mìíràn àárẹ̀ kì í jẹ́ kí n lè gbé ife omi tán lálẹ́. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń sá. Wọ́n rò pé iṣẹ́ iná ni kí ènìyàn wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí ó mọ́, kí ó mú tẹ́sítà sápò, kí ó máa fi ọwọ́ kan tan iná. Mo gbà pé ohun tí ó yẹ kí ẹni tí ń yan iṣẹ́ lọ wò nìyẹn gan-an: apá tí kò dùn nínú iṣẹ́ náà, èyí tí yóò máa ṣe lójoojúmọ́, kì í ṣe apá tí àwọn ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ sí. Onítáìsì yóò lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Wẹ́dà yóò máa fi ojú rẹ̀ ṣọ́ iná. Pọ́ḿbà yóò dé inú ṣalángá. Èyí tí ènìyàn bá lè fara dà láì máa bú ara rẹ̀ lójoojúmọ́ ni kí ó mú.

Ọ̀gá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí a ṣe nǹkan tí a kò lè sọ ìdí rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ fọwọ́ kan wáyà, yóò ní kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ pé iná kò sí nínú rẹ̀. Pé mo ti pa súwíìṣì kò tó o. Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tẹ́sítà kan ibi tí iná wà dájú kí n lè mọ̀ pé tẹ́sítà náà ń ṣiṣẹ́, kí n fi kan wáyà tí mo fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, kí n sì tún padà fi kan ibi tí iná wà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé tẹ́sítà lè kú láàárín kan. Àwọn tí ó ń kọjá máa ń rò pé ó ń fi wá ṣeré ni. Ṣùgbọ́n agbára 230 fóòtì kò mọ ọmọ iṣẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni kì í fún ènìyàn láyè láti tọrọ àforíjì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni à ń pa àmúkùrù ẹsẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń kánjú nídìí iṣẹ́ yìí kò ní ṣe é pẹ́.

Lára ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni bí ìwé ṣe pọ̀ tó nínú iṣẹ́ tí wọ́n sọ pé àwọn tí kò mọ̀wé ni wọ́n ń ṣe é. Wáyà 1.5, ìyẹn ìwọ̀n bí ó ṣe nípọn tó, la fi ń ṣe gílóòbù, 2.5 la fi ń ṣe sókẹ́ẹ̀tì, 4 la sábà máa ń fà sí ẹ̀rọ amúlétutù, 6 ni ti ẹ̀rọ ìdáná oníná. Ẹnikẹ́ni lè kọ́ ìyẹn sórí bí orin. Ohun tí ó yà àwọn oníṣẹ́ sọ́tọ̀ ni ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Kẹ́tùlù tí ó ń lo 2,000 wáàtì, bí a bá fi 230 fóòtì pín in, yóò fa bíi ampere 8.7, ìyẹn ìwọ̀n iná tí ń ṣàn nínú wáyà; bí ẹnìkan bá wá fi irú rẹ̀ méjì sórí sókẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ jẹ́ ampere 13, a ti mọ ohun tí yóò jó kí ó tó jó. Ìṣirò tí mo kọ́ ní kíláàsì fíṣíìsì nìyẹn, tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń bi olùkọ́ léèrè ibi tí a óò ti lò ó. Ọ̀gá mi kò parí girama, ṣùgbọ́n ó ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ó ti rí ràgàràgà, ibẹ̀ ni ó ń kọ gbogbo ìṣirò ilé kọ̀ọ̀kan sí, ó sì máa ń fi lé mi lọ́wọ́ pé kí n tún un ṣe kí ó lè wo èyí tí mo ṣì. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn bí òbí bá sọ fún mi pé ọmọ òun kò fẹ́ràn ìṣirò, nítorí náà kí n gbà á síṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà kò ṣòro láti sọ, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Iṣẹ́ yìí kò ní owó oṣù. A máa ń ka ojú iná, ìyẹn gílóòbù, súwíìṣì àti sókẹ́ẹ̀tì, a sì ń fi iye kan lé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan; onílé yóò dúnàádúrà, yóò san díẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ nígbà tí a bá fa wáyà tán, ìyókù nígbà tí a bá tan iná. Ìyókù yìí ni wàhálà. Ilé lè dúró lórí sílíìnì fún ọdún kan nítorí pé owó onílé tán, ìwọ náà yóò sì dúró pẹ̀lú rẹ̀. Oṣù wà tí iṣẹ́ yóò wọlé ní Táńkè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tí yóò tún wọlé ní Fátè àti ní Ọ̀fà lẹ́ẹ̀kan náà, oṣù mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé fíríìjì tí kò tan ni a ó máa wò kiri àdúgbò. Ọ̀gá mi ni ó kọ́ mi pé kí n máa yọ owó irinṣẹ́ àti owó ilé sọ́tọ̀ ní ọjọ́ tí owó bá wọlé gan-an, kí n tó dé ilé. Ẹni tí kò bá lè gbé ayé tí owó ń wọlé wìtìwìtì lónìí tí kì í wọlé lọ́la, kò sí àbùkù níbẹ̀ bí ó bá lọ wá iṣẹ́ olówó oṣù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Lórí ìwé ẹ̀rí, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kì í gbà fún ara wa. Wọ́n ní oníbàárà kò béèrè ìwé rí, iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni ìwé ẹ̀rí ẹni. Òtítọ́ ni bí ó bá jẹ́ pé ilé àwọn ará àdúgbò nìkan ni ènìyàn fẹ́ máa ṣe títí láé. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọngílá kan tí ó gba iṣẹ́ ilé-ìwé kan ní ìhà Àjàṣẹ́-Ìpo ń wá oníṣẹ́ iná, ìwé ni ó kọ́kọ́ béèrè, àwọn tí iṣẹ́ wọn dára jù tèmi lọ ni wọ́n sì dúró sí ìta. Mo ti ṣe Trade Test ti Ilé-iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, èyí tí ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kẹta tí ó sì ń gòkè dé ìpele kìíní, kí iṣẹ́ náà tó dé. NABTEB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1992, wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí tí ó dúró gedegbe bíi ti WAEC lórí iṣẹ́ ọwọ́, ènìyàn sì lè gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Poly lẹ́yìn tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá wá fẹ́ máa gba iṣẹ́ ńláńlá yóò bá NEMSA pàdé, àjọ tí ó ń yẹ iṣẹ́ iná wò tí ó sì ń fún àwọn kọngílá iná ní àṣẹ. Bí ọ̀gá kan bá ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé kò sí ohun tí ìwé fẹ́ ṣe fún wọn, ó yẹ kí òbí fura.

Ìgbà tí sólà dé ni mo wá lóye ohun tí bàbá mi ń lé. Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń bẹ̀rù láti tàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ ìjọba tí ó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, tún gbà kí owó iná àwọn tí ó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa rí iná jù lójúmọ́, fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 lórí yúníìtì kan. Kíá ni gbogbo ènìyàn di onísólà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wọ inú rẹ̀ ni kò mọ̀ ju kí wọ́n so pupa mọ́ pupa, dúdú mọ́ dúdú. Fún àwa tí ọ̀gá wa ti fi ìṣirò dá lóró, ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan náà ni ó tún padà wá: ẹrù, ìyẹn àpapọ̀ ohun tí à ń fi iná náà tàn, tí ó jẹ́ 1,000 wáàtì yóò fa ampere 83 láti inú bátìrì 12 fóòtì, yóò fa bíi 42 láti inú ti 24, yóò sì fa bíi 21 péré láti inú ti 48, ìdí nìyẹn tí wáyà tí ó nípọn fi ṣe dandan láàárín bátìrì àti ìnfátà, tí ilé tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ kò sì fi yẹ kí ó wà lórí 12. Mo ti bá ìnfátà pàdé tí ẹnu wáyà rẹ̀ ti yọ́ nítorí pé ẹni tí ó so ó lo èyí tí ó rí nínú ọkọ̀. Ọ̀gá mi kò kọ́ mi ní sólà rí, nítorí pé kò sí ní ọjà nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ òun ni ó kọ́ mi. Àwọn nǹkan tí ó kù, bí eruku ọyẹ́ ṣe ń dín agbára páńẹ́ẹ̀lì kù bí a kò bá nù ún, bí bátìrì olómi ṣe ń fẹ́ omi tí a ti sẹ́ láti ìgbà dé ìgbà nígbà tí líthíọ́ọ̀mù kò fẹ́ ẹ, kò gbà mí lákòókò púpọ̀ láti kọ́.

Àwọn ọmọbìnrin náà ti ń wá báyìí. Èyí tí ó wà lọ́dọ̀ mi lọ́wọ́lọ́wọ́ wá láti ìhà Òró, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ ju ti àwọn ọkùnrin lọ bí a bá ń to wáyà sínú bọ́ọ̀sì bírékà. Ohun tí ìyá rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi kọ́kọ́ dá lórí ààbò: ta ni yóò wà ní sáìtì pẹ̀lú rẹ̀, aago mélòó ni yóò máa wálé, ṣé a máa ń sùn níbi iṣẹ́. Mo rò pé ó tọ̀nà, mo sì kọ ìdáhùn mi sínú ìwé àdéhùn, pé kò ní dá wà ní sáìtì, kò sì ní bá wa sùn ní ìlú mìíràn àfi bí ìyá rẹ̀ bá fọwọ́ sí i.

Kí n tó gba owó lọ́wọ́ òbí kankan nísinsìnyí, mo máa ń ní kí ọmọ náà máa bá wa lọ sí sáìtì fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, kí ó gbẹ́ ògiri, kí ó di àkàbà mú, kí ó wo bí oníbàárà ṣe ń bá mi jà lórí owó, kí ó sì wo èmi náà bóyá irú ọ̀gá tí ó lè bá gbé ni mo jẹ́. Àwọn kan kì í padà wá lẹ́yìn ọjọ́ kejì, owó òbí wọn sì wà lápò wọn. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi ní gbangba pé òun kò lè fara da eruku ògiri, ṣùgbọ́n òun fẹ́ràn bí àwọn tí ń ṣe wíńdò alumíníọ̀mù ṣe ń wọn nǹkan. Mo mú un lọ bá ẹnìkan tí mo mọ̀ ní Sáńgò, lẹ́yìn tí èmi àti bàbá rẹ̀ ti kí méjì nínú àwọn tí ẹni náà ti fún ní fíríídọ̀mù. Ó ti dá dúró báyìí, a sì máa ń pàdé ní sáìtì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí ó ti máa ń ní kí n tètè gbẹ́ ògiri mi tán kí eruku má baà ba gíláàsì òun jẹ́.